Une vie de boy: Àwọn Ẹ̀dá-Ìtàn àti Kókó-Ọ̀rọ̀ Inú Rẹ̀

Une vie de boy, èyí tí a lè pè ní "Ìgbésí Ayé Ọmọ Ọ̀dọ̀" ní èdè Yorùbá, jẹ́ ìwé ìtàn-àròsọ tí Ferdinand Oyono, ọmọ orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, kọ ní èdè Faransé. Ilé-iṣẹ́ Julliard ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní Paris ní ọdún 1956. John Reed túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1966, a sì tẹ ìtumọ̀ náà pẹ̀lú àkọlé Houseboy nínú ọ̀wọ́ ìwé African Writers Series ti ilé-iṣẹ́ Heinemann. Ìtàn náà dá lórí Toundi, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ó sìn nílé ajẹ́lẹ̀ Faransé, àti bí ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ṣe já sí ikú. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ìwé tí ó sọ̀rọ̀ nípa ìrẹ́jẹ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni irú ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀dá-ìtàn náà kú fún. Olè ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n kò jalè. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó rí ohun tí wọn kò fẹ́ kí ìránṣẹ́ rí.

Òǹkọ̀wé

A bí Ferdinand Oyono ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1929 ní N'Goulémakong, nítòsí ìlú Ebolowa ní gúúsù Kamẹrúùnù. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin ní Paris, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ yìí. Ní ọdún 1956 kan náà ni ìwé rẹ̀ kejì, Le Vieux Nègre et la médaille, jáde. Ìkẹta, Chemin d'Europe, jáde ní ọdún 1960, ọdún tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ gba òmìnira. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ìjọba ni ó gbájú mọ́. Ó ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ó sì di mínísítà. Ó kú ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2010. Ìwé ìtàn-àròsọ mẹ́ta péré ni ó fi sílẹ̀.

Douala àti ààlà àwọ̀

Dangan, ìlú tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, jẹ́ ìlú àròsọ. Kì í ṣe Douala, ìlú èbúté ńlá tí ó wà létí òkun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ààlà tí ó pín Dangan sí méjì ṣe wáyé ní Kamẹrúùnù, Douala ni yóò wò.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1884, àwọn ọba ìlú Douala fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Jámánì. Ìwé náà sọ pé ilẹ̀ tí àwọn ará ìlú ń dá oko sí àti ibi tí ilé wọn wà yóò máa jẹ́ tiwọn àti ti àrọ́mọdọ́mọ wọn. Nígbà tí ó di ọdún 1910, ìjọba Jámánì gbé ètò kan kalẹ̀ láti kó àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò ní òkè Joss, lẹ́bàá odò Wouri, kí àwọn òyìnbó nìkan lè máa gbé ibẹ̀. Àwọn dókítà ìjọba ní nítorí àìsàn ibà ni. Wọ́n pinnu láti fi ilẹ̀ òfìfo tí ó fẹ̀ tó kìlómítà kan sáàárín àdúgbò méjèèjì.

Rudolf Duala Manga Bell, ọba àwọn Bell, tako ètò yìí. Ó ti kàwé ní ilẹ̀ Jámánì, ó gbọ́ èdè wọn, ó sì mọ ohun tí ó wà nínú ìwé àdéhùn náà. Kò gbé ìbọn. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni ó kọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì, ó sì rán akọ̀wé rẹ̀, Ngoso Din, lọ sí ọ̀hún láti wá agbẹjọ́rò. Ìjọba fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan àwọn méjèèjì, a sì yẹgi fún wọn ní Douala ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1914. Nígbà tí ìjọba Faransé gba ìlú náà lẹ́yìn Jámánì, wọn kò dá ilẹ̀ Joss padà. Àwọn tí a lé kúrò níbẹ̀ di ará New Bell àti àwọn àdúgbò mìíràn.

Ìjà náà kò tán síbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Douala, àwọn òyìnbó amúnisìn sì yìnbọn pa ènìyàn. Ní ìlú yìí kan náà ni a ti dá ẹgbẹ́ UPC, tí ó ń jà fún òmìnira, sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1948. Ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ náà ní oṣù Keje ọdún 1955 lẹ́yìn rògbòdìyàn. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ìwé Oyono jáde. Ìwé náà kò dárúkọ Manga Bell, kò sì sọ ìtàn ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Síbẹ̀, àwọn ìtàn méjèèjì jọra ní ibi pàtàkì kan: ìmọ̀ ni ó sọ aláwọ̀ dúdú di ọ̀daràn lójú aláṣẹ.

Ìgbékalẹ̀ ìtàn

Ikú ni ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀. Arìnrìn-àjò kan láti Kamẹrúùnù wà ní Gínì tí ó wà lábẹ́ Sípéènì nígbà náà, ni wọ́n bá pè é wá síbi tí ọmọ ìlú rẹ̀ kan ti ń kú lọ. Toundi ni ẹni náà. Láàárín ẹrù rẹ̀ ni a ti rí ìwé àkọsílẹ̀ méjì tí ó kọ ní èdè Ewondo. Arìnrìn-àjò náà túmọ̀ wọn sí Faransé, àwọn ni òǹkàwé sì ń kà. Òǹkàwé Fágúnwà yóò rántí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, níbi tí Àkàrà-ògùn ti ń sọ̀tàn tí akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Àkàrà-ògùn wà láàyè, ó ti ṣẹ́gun, ó sì fẹ́ kí ayé gbọ́. Toundi ti kú kí ẹnikẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun kò sì kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, òǹkàwé ti mọ òpin rẹ̀ kí ó tó mọ ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá ń yọ̀ nínú ìwé rẹ̀, àyà ń já ẹni tí ń kà á.

Àwọn ẹ̀dá-ìtàn

Toundi sá kúrò nílé bàbá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú àṣeyẹ ìsọdàgbà rẹ̀, nígbà tí bàbá rẹ̀ lù ú nítorí ìjà lórí ṣúgà. Fadà Gilbert ni ó máa ń da ṣúgà náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé bí ẹni da àgbàdo fún adìyẹ. Ọ̀dọ̀ Fadà yìí ni ó sá lọ. Wọ́n sọ ọ́ ní Joseph, ó kọ́ láti kàwé, ó sì rí i pé Fadà ń kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sínú ìwé, ni òun náà bá bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò bá dé, ńṣe ni Fadà máa ń nawọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ tí òun ṣe yọrí. Inúure rẹ̀ kò parọ́, àmọ́ inúure ẹni tí ó ni nǹkan sí nǹkan rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ikú Fadà Gilbert, Toundi di ọmọ ọ̀dọ̀ ajẹ́lẹ̀, Robert Decazy. Ìbẹ̀rù ọ̀gá yìí gbà á lọ́kàn títí di ọjọ́ tí ó bá a níbi tí ó ti ń wẹ̀, tí ó sì rí i pé kò dábẹ́. Nínú àṣà Toundi, bí ó ti rí nínú àṣà Yorùbá, ọkùnrin tí kò dábẹ́ kò tí ì pé. Ìbẹ̀rù náà wá pòórá lójijì. Ibí yìí ni ìtàn náà ti yí padà. Àwọn Yorùbá mọ̀ pé agbára a máa bojú: ìlẹ̀kẹ̀ adé a máa bo ojú ọba kí ènìyàn má baà tẹjú mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni ó fi adé dé ọba lórí. Ajẹ́lẹ̀ Dangan kò ní adé kankan ju àwọ̀ ara rẹ̀ lọ, nígbà tí ọmọ ọ̀dọ̀ sì ti rí ara náà, kò ku ohun tí yóò máa bẹ̀rù.

Suzy, ìyàwó ajẹ́lẹ̀, dé láti ilẹ̀ Faransé. Kò pẹ́ tí ó fi ń yan Moreau, ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n, lálè. Toundi ti rí Moreau níbi tí ó ti ń mú kí wọ́n na ọkùnrin méjì nínàkunà nítorí ẹ̀sùn olè, ó sì ti bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ìwàásù ìfẹ́ ọmọnìkejì wọlé sí. Nísinsìnyí, ó tún mọ ohun tí ọkùnrin kan náà ń ṣe nínú ilé ọ̀gá rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ gbọ́ nípa ìyàwó rẹ̀, ó bínú, ó sì tún dárí jì í. Ẹni tí wọn kò lè dárí jì ni ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó rí ìtìjú wọn.

Ohun tí ó mú ìwé yìí dùn láti kọ́ ni pé Toundi nìkan kọ́ ni ó lójú nílé náà. Gbogbo àwọn ìránṣẹ́ ni ó rí. Ohun tí oníkálukú fi ìrírí rẹ̀ ṣe ni ó yàtọ̀. Agbọ́únjẹ rí, ó wólẹ̀, ó sì ń gba ọmọ náà nímọ̀ràn pé kí ó mọ ipò rẹ̀. Baklu alágbàfọ̀ rí ìdọ̀tí aṣọ wọn, ó kùn, ó sì fọ̀ ọ́. Kalisia, tí ó wá ṣiṣẹ́ nínú yàrá, rí ewu láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó kìlọ̀ fún Toundi pé kí ó lọ, nítorí pé níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà níwájú wọn ni wọn yóò máa rántí pé ó mọ̀. Sophie, àlè ẹnjiníà òyìnbó kan, ni ó yàtọ̀ jù. Ọkùnrin náà a máa bá a sùn lóru, kì í sì í jẹ́wọ́ rẹ̀ lójú àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Sophie kò kọ ohun kankan sínú ìwé. Ó kó owó ọkùnrin náà, ó sì sá lọ sí Gínì. Toundi, tí kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀, ni wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí alájọṣe rẹ̀. Wọ́n lù ú títí egungun ìhà rẹ̀ fi kán. Ó sá kúrò ní ilé ìwòsàn, ó sì gba ọ̀nà tí Sophie gbà, àmọ́ ikú ni ó bá pàdé níbẹ̀.

Kókó-ọ̀rọ̀

Èkíní ni ààlà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Dangan, àwọn òyìnbó jókòó sórí àga, àwọn aláwọ̀ dúdú sì jókòó sórí ìtì igi. Kí wọ́n tó dé iwájú Ọlọ́run pàápàá ni àwọ̀ ti pín wọn. Ṣùgbọ́n ààlà yìí ní àlébù kan tí àwọn tí ó fà á kò rí: òyìnbó kò lè gbé láìsí ẹni tí yóò dáná, tí yóò fọṣọ, tí yóò tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni ènìyàn tí ààlà náà kò lè dá dúró.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ọ̀kánjúwà, ibí yìí sì ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣọ́ra jùlọ. Ìyá Toundi a máa sọ pé ọ̀kánjúwà rẹ̀ ni yóò kó bá a, Toundi fúnra rẹ̀ sì rántí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ó ń kú lọ. Òǹkàwé Yorùbá, tí ó ti gbọ́ láti kékeré pé ọ̀kánjúwà ni baba àrùn, lè tètè gbà pé ẹ̀kọ́ ìwé náà nìyẹn. Ó sì tún lè fi òwe kún un pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, nítorí pé Kalisia kìlọ̀, Toundi kò sì gbọ́. Ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìwé náà kò gbe èrò yìí. Ṣúgà ni ó gbé Toundi dé ilé Fadà. Kì í ṣe ṣúgà ni ó ṣẹ́ egungun rẹ̀. Kò sí ohun tí ó ṣe tí òfin lè pè ní ẹ̀ṣẹ̀. Bí a bá ka ikú rẹ̀ sí èrè ìwà rẹ̀, a ti bá àwọn tí ó pa á dá ẹjọ́ rẹ̀. Oyono jẹ́ kí ẹni tí a rẹ́ jẹ dá ara rẹ̀ lẹ́bi kí a lè rí bí ìmúnisìn ṣe wọ inú ọkàn jinlẹ̀ tó.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rín. Ìwé náà a máa pani lẹ́rìn-ín: àsè àwọn òyìnbó, ìwà ìgbéraga wọn, àti bí àwọn ìránṣẹ́ ṣe ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn ilé. Ẹ̀rín náà ń dín kù bí ìtàn ṣe ń lọ, títí ó fi dákẹ́ pátápátá nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Àríwísí

Àléébù ìwé náà hàn jùlọ nínú bí ó ṣe ṣe àwọn obìnrin. Ara Suzy ni a kọ́kọ́ rí, ara rẹ̀ náà ni a sì rí kẹ́yìn. Àárẹ̀ àti ìdánìkanwà tí ó ti í débi tí ó dé, gàárà ni òǹkọ̀wé kọjá lórí wọn. Ọgbọ́n Sophie àti Kalisia ju ti Toundi lọ, síbẹ̀ a kò gbọ́ inú wọn nítorí pé ọwọ́ Toundi nìkan ni kálàmù wà.

Ó wúlò láti kà á pẹ̀lú Aiyé D'aiyé Òyìnbó ti Isaac Delano, tí ó jáde ní ọdún 1955. Bí ìṣàkóso òyìnbó ṣe wọ ìlú Yorùbá, tí ó sì yí àṣà ibẹ̀ padà, ni Delano sọ. Oyono fi ìlú sílẹ̀, ó wọ inú ilé amúnisìn lọ, ó sì jẹ́ kí ẹni tí ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ròyìn rẹ̀. Wọ́n lè pa Toundi nítorí ohun tí ó rí, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ méjèèjì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.