Ààfin Abomey: Ìtàn Ta Ló Wà Lára Ògiri?

Bí wọ́n bá ní wọ́n ti tún ààfin àtijọ́ kan ṣe, ohun tí àwa kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé ìtàn ta ni wọ́n tún ṣe mọ́ ọn. Ẹ wo ààfin àwọn ọba Dàhómì ní Abomey, lórílẹ̀-èdè Benin. Ọba tó bá jẹ máa ń kọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn tó ṣáájú. Ní 1892, nígbà tí ọmọ ogun Faransé ń bọ̀, ọba Behanzin fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dáná sun ún. Ààfin Gezo àti ti Glele ni wọ́n wá sọ di mùsíọ́ọ̀mù.

Ara ògiri gan-an ni iṣẹ́ wà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ àwòrán síbẹ̀: ẹfọ̀n Gezo, kìnnìún Glele, ogun, ọ̀tá tí wọ́n ṣẹ́gun. Òrùlé koríko ayé àtijọ́ wálẹ̀ débi pé òjò ò ráyè bá ògiri. Ìgbà tí páànù rọ́pò koríko ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ amọ̀. (Ará Agége ò nílò àlàyé nípa ìyẹn.) Lọ́dún 1985, UNESCO fi ààfin náà sórí àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé, ó sì tún kọ ọ́ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu. Ní 1988 wọ́n yọ àwòrán 50 kúrò lára ògiri Glele kí wọ́n tó tún ilé náà kọ́. Láàárín 1993 sí 1997, àwọn ọmọ Benin àti iléeṣẹ́ Getty láti Amẹ́ríkà tún wọn ṣe. Àdàkọ ni wọ́n fi sára ògiri tuntun, wọ́n tọ́jú ojúlówó lọ́tọ̀. Àwa tó ń kọ sọ́fítíwíà gbóṣùbà fún wọn: wọn ò fi version tuntun pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Ṣùgbọ́n ògiri ọba ni, ọba ló ń kì ara rẹ̀ níbẹ̀. Gezo kó ogun wá bá Abẹ́òkúta ní 1851, Glele tún wá ní 1864. Àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn méjèèjì padà. Kétu ò rí bẹ́ẹ̀ bọ́: Dàhómì fọ́ ìlú náà ní 1886, wọ́n sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ṣé ká wá máa wo àwòrán wọ̀nyí bí ẹni ń wo ọ̀ṣọ́ lásán ni?

Ní November 2021, Faransé dá ohun 26 tí wọ́n kó lọ padà, ìtẹ́ Gezo wà nínú wọn, Benin sì ń kọ́ mùsíọ́ọ̀mù tuntun sí Abomey. Orúkọ Kétu àti Abẹ́òkúta la fẹ́ kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ yẹn gan-an o, kì í ṣe ní yàrá ẹ̀yìn.