Ohun Tí Àlejò Bá Wá Ni Ẹwà Ìkànnì

Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ìkànnì GOV.UK ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2012 láti fi rọ́pò àwọn ìkànnì rẹ̀ àtijọ́, Directgov àti Business Link, ẹni tó bá ń retí ọ̀ṣọ́ níbẹ̀ kò rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ dúdú lórí funfun ni, àwòrán ò pọ̀, bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan ló sì ń tọ́ka ibi téèyàn á ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dún 2013, Design Museum ní London fi oyè iṣẹ́ ọnà tó ta yọ jù lọ́dún náà dá a lọ́lá. Mo fara mọ́ ìdájọ́ wọn pátápátá. Àwọn àgbà ní àlejò bí òkété là ń fi ẹ̀kùrọ́ lọ̀, àwọn tó ṣe ìkànnì yìí sì kọ́kọ́ wádìí irú àlejò tó ń bọ̀ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè físà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń gbé lọ́hùn-ún ti ń tún ìwé ìwakọ̀ wọn gbà.

Ẹ wo ojú ewé tó wà fún ọjọ́ ìsinmi. Kò sí fọ́tò mínísítà níbẹ̀, kò sí ìtàn bí ìsinmi ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi tó kàn lèèyàn ń kọ́kọ́ rí, ní lẹ́tà gàdàgbà. Àwọn yòókù tò sí ìsàlẹ̀. Nítorí pé ìsinmi Scotland àti ti Northern Ireland kò bá ti England mu délẹ̀, oníkálukú á tẹ orúkọ agbègbè tirẹ̀. Ó tán. Lẹ́tà náà pàápàá nítàn: láti ara èyí tí Jock Kinneir àti Margaret Calvert yà fún àmì ojú títì ni wọ́n ti mú un jáde, Calvert fúnra rẹ̀ sì lọ́wọ́ sí àtúnṣe náà. Ohun tí awakọ̀ lè kà lórí eré ni wọ́n gbé síwájú ẹni tí ìkánjú bá. Àwọn kan ní ìkànnì náà gbẹ jù. Bẹ́ẹ̀ ni, ó gbẹ, ṣùgbọ́n ta ló ń lọ síbi owó orí lọ wo ìran?

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí HealthCare.gov, ìkànnì ìjọba fún ríra ìbánigbófò ìlera, ti ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2013. Èèyàn mẹ́fà péré ló rí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ yọrí lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ò lè gbé èrò, àmọ́ mo rí àléébù ọnà níbẹ̀ pẹ̀lú: kò sẹ́ni tó lè wo iye owó ìbánigbófò láìkọ́kọ́ ṣí àkáǹtì. Wọ́n da ẹni tó kàn fẹ́ béèrè iye pọ̀ mọ́ ẹni tó ti ṣetán láti ra, gbogbo wọn sì há sẹ́nu ọ̀nà kan náà.

Lórí ìkànnì tiwa tó ń kọ Yorùbá, ara lẹ́tà ni ìyà ti ń jẹ àlejò jù. Nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá a mọ̀, é ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ńṣe ni àmì ohùn ń tẹ̀lé ẹ, tí fọ́ǹtì á wá gbé e lé e lórí. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí á jẹ́ kí àmì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó já sí àpótí òfìfo. Nígbà mìíràn, lẹ́tà kan ṣoṣo á nípọn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nítorí fọ́ǹtì mìíràn ni kọ̀ǹpútà yá a. Bí ìlà bá sì há, àmì orí ìlà ìsàlẹ̀ á lọ gún ti abẹ́ ìlà òkè. Ojú á rẹni, èèyàn á pa ojú ewé náà dé. Bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni fọ́ǹtì bíi Noto Sans àti Gentium, tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì wa sípò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ìkànnì Yorùbá, kẹ́ ẹ tó náwó lórí àwòrán tó ń yí gbirigbiri tó sì ń jẹ dátà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ “ọ̀rọ̀” àti “ẹ̀kọ́” sójú ewé náà, kẹ́ ẹ ṣí i lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, kẹ́ ẹ wò ó bóyá àmì wọn dúró síbi tó yẹ.