Òtítọ́ Inú Fíìmù Ju Ẹ̀jẹ̀ àti Yìnyín Lọ

Bí àgbà bá fẹ́ pa àlọ́, á kọ́kọ́ ké pé "Ààlọ́ o!", àwọn ọmọ á sì dáhùn pé "Ààlọ̀!" Láti ìgbà náà ni olúkúlùkù ti mọ̀ pé ìjàpá lè sọ̀rọ̀, igi sì lè rìn. A kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí sinimá bá polówó ara rẹ̀ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni òun gbé ìtàn òun kà, ó ti kúrò ní àwùjọ àlọ́, ó ti di ẹlẹ́rìí. A sì ní ẹ̀tọ́ láti bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀.

Fíìmù àwọn tí jàǹbá gbé sọ sí aginjù ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì bá wọn wí, nítorí ẹ̀kọ́ ìfaradà wà nínú rẹ̀. Méjì ni mo mú: The Revenant (2015), tí Alejandro González Iñárritu darí, àti Society of the Snow (2023), tí J. A. Bayona darí.

Ìtàn Hugh Glass ni The Revenant, ọdẹ kan tí ó ń pa ẹran fún awọ ní Amẹ́ríkà. Ní 1823 ni béárì fà á ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Àwọn méjì tí a ní kí wọ́n dúró tì í gbé ìbọn rẹ̀, wọ́n sì sá lọ. Ọkùnrin yìí rá, ó wọ́, ó rìn, ó lé ní 200 máìlì, kí ó tó dé ibùdó àwọn oníṣòwò.

Àwọn tí ó ṣe fíìmù náà ṣiṣẹ́ kára. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n fi yà á. Nígbà tí yìnyín tán ní Kánádà, wọ́n kó ẹrù lọ sí Ajẹntínà. Leonardo DiCaprio jẹ ẹ̀dọ̀ ẹran ní tútù lójú kámẹ́rà, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar ní 2016. Bí o bá ń wò ó, òtútù á mú ọ níbi tí o jókòó sí.

Síbẹ̀, ọkùnrin náà bọ́ sínú odò tí ó tutù rinrin pẹ̀lú aṣọ onírun lọ́rùn, ó jáde, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Aṣọ tí omi rin nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀ tó láti pa èèyàn kí béárì tó dé. Ìyẹn ṣì kéré. Fíìmù fún Glass ní ọmọkùnrin kan, ó ní ọ̀tá pa á lójú baba rẹ̀, ẹ̀san sì ni ó gbé baba dìde. Kò sí àkọsílẹ̀ pé Glass ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìtàn sọ ni pé ó wá àwọn méjèèjì kàn, ó dárí ji èyí tí ó kéré, ó gba ìbọn rẹ̀ padà lọ́wọ́ ìkejì, kò sì pa wọ́n. Lóòótọ́, ìkejì ti wọṣẹ́ ológun nígbà náà, ìyẹn lè wà lára ohun tí ó dá a dúró. Síbẹ̀, ọkùnrin kan rá wá láti ẹnu ikú, ó bá àwọn tí ó dà á, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Ibi tí ó ṣòro jù nínú ìrìn rẹ̀ nìyẹn, òun gan-an sì ni fíìmù gé dànù, tí ó fi ìjà ọ̀bẹ dípò rẹ̀. Òkú kò lè dìde gba orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Society of the Snow gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 13 oṣù October 1972, ọkọ̀ òfurufú kan tí ó gbé àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù rugby láti Uruguay lọ sí Chile já sórí àwọn òkè Andes. Èèyàn 45 ni ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 72, 16 ni ó kù láàyè. Lórí rédíò ni wọ́n ti gbọ́ pé a kò wá wọn mọ́. Nígbà tí oúnjẹ tán, ẹran ara àwọn tí ó ti kú ni wọ́n fi gbé ẹ̀mí ró.

Olùdarí mìíràn ìbá sọ èyí di ìran ìpayà. Bayona jẹ́ kí a gbọ́ àríyànjiyàn wọn, bí àwọn kan ṣe kọ̀ ọ́, bí àwọn mìíràn ṣe yọ̀ǹda ara tiwọn bí àwọn náà bá kú. Ó fi àkókò fún iṣẹ́ kéékèèké àti fún dídúró. Àwọn wọ̀nyí yọ́ yìnyín sí omi mímu lórí páànù tí wọ́n tú lára àga, wọ́n sì rán àpò ìsùn fún àwọn tí yóò lọ wá ìrànlọ́wọ́. Nando Parrado àti Roberto Canessa rìn fún ọjọ́ 10 kí wọ́n tó rí darandaran kan ní òdìkejì odò. Ariwo omi kò jẹ́ kí ó gbọ́ wọn. Ó so bébà mọ́ òkúta, ó jù ú sí wọn kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Bí òǹkọ̀wé bá hùmọ̀ èyí, a ó ní ó ti bù ú pọ̀ jù.

Ẹnì kan lè ní fíìmù yìí náà ní àhùmọ̀ tirẹ̀, nítorí Numa Turcatti, tí ó kú sórí òkè náà, ni ó ń sọ ìtàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àhùmọ̀ yìí dá ohùn padà fún àwọn 29 tí kò bọ̀, fíìmù sì ń fi orúkọ àti ọjọ́ orí àwọn òkú hàn wá. Ti The Revenant gba ìwà rere lọ́wọ́ ẹni tí ó ni í.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹ bá tún wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe jọ ẹ̀jẹ̀ tó nìkan. Ẹ bèèrè pé: omi wo ni ó mu? Ta ni ó ràn án lọ́wọ́? Ẹnu ta ni a ti gbọ́ ìtàn yìí? Ẹni tí sinimá bá kọ́ pé ìbínú ní ń yọ èèyàn nínú ìpọ́njú, ìbínú ni yóò dì lẹ́rù lọ́jọ́ tí ìpọ́njú bá dé. Àwọn 16 tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí Andes, sùúrù àti ọwọ́ ara wọn ni wọ́n dì mú.