Alárenà Inú Sítírípù

Ìyá mi kì í kọ́kọ́ gún ìka. Ìgò sítírípù tó fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Á fi ìka méjì fa ẹyọ kan jáde, á sì dé ìgò náà pinpin kó tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà ló máa ki sítírípù bọ ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ̀gbẹ́ ìka ló ń gún, torí góńgó ìka ló fi ń ṣa ìrẹsì. Ó nu ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ nù. Mo fẹ́ bá a tẹ ìka náà kó lè yá, ó ní, “Má fún un. Á wá.” Ó sì wá, ẹ̀kán kan tí kò tó orí ìṣáná. Ó fi ẹnu sítírípù kàn án, sítírípù sì fà á wọlé bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. 112.

Mo tọrọ sítírípù tuntun kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dùn mọ́ ọn nínú, a kúkú mọ iye tí wọ́n ń tà á. Mo fi bíléèdì ṣí awọ òkè rẹ̀, mo sì gbé e sábẹ́ awò amúǹkantóbi.

Pẹlẹbẹ ọ̀rá líle ló wà nísàlẹ̀. Ìlà dúdú tó wà lórí rẹ̀, kábọ́ọ̀nù ni, ó dà bí èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n sì pò bíi tádàwà. Ẹni tó bá ti dúró wo àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ní Èkó níbi tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán olóògbé sára aṣọ ìnáwó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n na aṣọ oníhò wínníwínní sórí férémù, wọ́n dí ibi tí wọn ò fẹ́ kí tádàwà gbà, wọ́n wá fi rọ́bà gbá tádàwà náà kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nílé iṣẹ́ sítírípù, ẹ̀rọ ló ń gbá a, àìmọye sítírípù ló sì ń jáde lára abala kan. Ìnípọn ìlà gbọ́dọ̀ bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ ìyá mi ò mọ èyí tó nípọn yàtọ̀ sí èyí tó fẹ́lẹ́. Wọ́n á fi ooru gbẹ ẹ́. Wọ́n á wá kán oògùn sí ẹnu ibi tí ẹ̀jẹ̀ máa gbà wọlé, á gbẹ, á sì pọ́n díẹ̀ bí ata ilẹ̀ pupa.

Nǹkan méjì ló ṣe kókó nínú oògùn náà. Ọ̀kan ni glucose oxidase, ẹ̀ńsáìmù tí wọ́n ń rí lára Aspergillus niger, ìbátan ohun dúdú tó ń bo ara àlùbọ́sà tó bá bu. Ẹ̀ńsáìmù yìí ò mọ nǹkan mìíràn tó bíi glúkóòsì. Tó bá ti rí ẹyọ kan, á gba ẹlẹ́kítírọ́ònù méjì lára rẹ̀. Ibi tó ń kó wọn sí ló le: àárín gbùngbùn ara rẹ̀ ni, bí ìyàrá tó wà lẹ́yìn ìyàrá. Kábọ́ọ̀nù wà níta, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o.

Nígbà tí Leland Clark àti Champ Lyons gbé èrò irú ẹ̀rọ yìí kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1962, ọ́síjìn ni wọ́n gbé ẹrù ẹlẹ́kítírọ́ònù náà lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ọ́síjìn tó bá gba ẹrù náà sì máa ń di hydrogen peroxide, èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń fọ ojú egbò; kí èyí tó lè já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, agbára iná gbọ́dọ̀ pọ̀, iná tó bá sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ á gba ẹlẹ́kítírọ́ònù lára fítámì C àti paracetamol tí aláìsàn lò láàárọ̀ pẹ̀lú.

Nǹkan kejì nínú oògùn náà ni alárenà. Nínú sítírípù ìyá mi, ferricyanide ni: irin kan ṣoṣo láàárín, sáyánáìdì mẹ́fà yí i ká, lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, níwájú, lẹ́yìn. Ó kéré tó láti yọ́ wọ inú ẹ̀ńsáìmù dé ìtòsí ìyàrá ẹ̀yìn yẹn. Irin náà gba ẹlẹ́kítírọ́ònù kan, ó jáde, ó rìn dé ojú kábọ́ọ̀nù, ó já a sílẹ̀, ó sì padà sí bó ṣe wà. Ẹrù ẹyọ glúkóòsì kan, méjì irú rẹ̀ ló ń gbé e. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyí: nínú gbogbo lílọ bíbọ̀ yìí, sáyánáìdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ò kúrò láyè wọn. Ìdè kan ò já. Láàárín ọkùnrin àtobìnrin, ojú mọjú tán, alárenà á yẹ̀bá. Níhìn-ín, ojú ò ní mọjú láéláé.

Àwọn ará Oxford àti Cranfield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi irú alárenà mìíràn ṣe iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ ní 1984. Ferrocene ni, ohun aláwọ̀ ọsàn tó ń rùn bíi káfúrà: irin kan láàárín òrùka kábọ́ọ̀nù méjì. Wọ́n so ẹ̀ka kékeré kọ̀ọ̀kan mọ́ òrùka méjèèjì, irin náà sì túbọ̀ ń fi ẹlẹ́kítírọ́ònù sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n lò yìí kì í fẹ́ yọ́ sínú omi, nítorí náà ó lẹ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù. Àmọ́ gbàrà tí kábọ́ọ̀nù bá gba ẹlẹ́kítírọ́ònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ń yọ́ díẹ̀, díẹ̀ yẹn ló sì ń ràn án lọ́wọ́ láti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ńsáìmù. Ó gba ẹrù, omi tún kọ̀ ọ́, ó tún lẹ̀ mọ́ ilé. Ní 1987 ni wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tó rí bíi bírò, ExacTech.

Ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ò lè gba alárenà tó ń rìn kiri, àbí ta ló fẹ́ kó ṣàn lọ sínú ara? Adam Heller, ní Austin, so mẹ́táàlì osmium mọ́ okùn gígùn kan. Osmium ò rìn. Ó ń na ẹlẹ́kítírọ́ònù sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí àwọn lébìrà ṣe ń ju búlọ́ọ̀kù láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Mo bi ìyá mi ìdí tó fi máa ń kánjú dé ìgò. Ó ní nọ́ọ̀sì ló ní kóun máa dé e. Òtítọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Ọ̀rinrin oṣù Keje tó bá wọ ibẹ̀ tó láti jí oògùn náà: ferricyanide á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹlẹ́kítírọ́ònù lọ́wọ́ ohun tí kì í ṣe ṣúgà kí ẹ̀jẹ̀ tó dé, ẹ̀rọ á sì kà á mọ́ ọn.

Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdérí náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kọ 112 sínú ìwé rẹ̀.