Ta Ni Ó Mọ̀? Àyẹ̀wò Fọ́tò Òru Brassaï àti Weegee

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Òru kò mọ olówó, ló dífá fún 'Ìwọ ta nì yẹn?'" Àìríran ni òwe yìí fi ṣe àwáwí fún ẹni tó kùnà láti bọ̀wọ̀ fún ẹlòmíràn lóru. Ayafọ́tò tó ń ṣọdẹ ìgboro lóru kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀, nítorí ojú ènìyàn gan-an ni ó ń wá kiri. Ohun tí bébà yìí yẹ̀ wò ni irú ọ̀wọ̀ tí Brassaï àti Weegee fún àwọn tí wọ́n yà.

Gyula Halász, tí a bí ní ìlú Brassó ní 1899, ni ó sọ ara rẹ̀ di Brassaï ní Paris. Ìwé rẹ̀, *Paris de nuit*, jáde ní 1933. Awo dígí tí a fi oògùn kùn ni ó ń lò nínú kámẹ́rà rẹ̀, iná ojú pópó kò sì mọ́lẹ̀ tó. Fún ìdí yìí, ó di dandan kí kámẹ́rà lajú sílẹ̀ pẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé sìgá ni òun fi ń wọn àkókò: Gauloises kan níbi tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ bá wà, Boyard kan níbi tí ó bá ṣókùnkùn jù. Ẹni tí ń kọjá lọ kò ní dúró gbọnin tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti gbà láti dúró. Nínú ilé ọtí, ẹ̀tù magnesium ni ó fi ń tan ìmọ́lẹ̀. Ìbúgbàù rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé òun kò mọ̀.

Lámèyítọ́ tó bá fẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé lè ka irú ètò yìí sí àbùkù, kí ó sì yin Weegee ní tirẹ̀. Ní New York ni Weegee, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Arthur Fellig, ti ń fi gílóòbù tí ń bù yẹ̀rì ya ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Ìwé rẹ̀, *Naked City*, jáde ní 1945. Ṣùgbọ́n ẹ wo *The Critic*, tí ó yà ní 1943: àwọn obìnrin olówó méjì ń wọ ilé eré, obìnrin mìíràn tí aṣọ rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan sì ń wò wọ́n tìkà-tẹ̀gbin. Olùrànlọ́wọ́ Weegee jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé ńṣe ni wọ́n fún obìnrin yìí lọ́tí ní ilé ọtí kan ní Bowery, tí wọ́n sì mú un wá síbẹ̀.

Nítorí náà, ètò ṣíṣe kọ́ ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ìmọ̀ ẹni tí a yà ni. Ẹni tí ọtí ti ń pa kò lè fọwọ́ sí ohunkóhun. Àwọn olówó wọṣọ kí a lè wò wọ́n. Òtòṣì nìkan ni a fi ṣe irinṣẹ́ àwàdà.

Èyí kò sọ Brassaï di aláìlẹ́bi. Àwọn àwòrán tí kò lè tẹ̀ jáde ní 1933 wà nínú *Le Paris secret des années 30*, tó jáde ní 1976. Ẹni tó gbà kí a ya òun lálẹ́ ọjọ́ kan kò tíì gbà kí gbogbo ayé wo òun ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, ó ti gba nǹkan kan. Obìnrin Bowery kò gba ohunkóhun. Ìbéèrè tó yẹ lámèyítọ́ fọ́tò òru, nígbà náà, kì í ṣe "Ṣé òótọ́ ni?" nìkan. "Ta ni ó mọ̀?" ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè.