Ẹnu Ìyàwó Ilé: Oríkì àti Ìgbésí Ayé Obìnrin, láti Òkukù dé Agége

Níbi ìkómọ kan ní Agége, nínú ilé ayálégbé tí yàrá ti kọjú sí yàrá, ìyá bàbá ọmọ tuntun dìde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kì í. Wọ́n ki orílẹ̀ rẹ̀ títí tí orí gbogbo wa fi wú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mi lọ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó kọ orúkọ orílẹ̀ náà sókè, ó sì fi ìlà pa ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ́ láàárín. Ó ní wọn kì í ṣe ti orílẹ̀ náà, àṣìṣe ìyá àgbà ni.

Èmi kò dá akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ́bi. Ohun tí a kọ́ ọ ni ó ṣe. Adébóyè Babalọlá tẹ *Àwọn Oríkì Orílẹ̀* jáde ní 1967, gbèsè rẹ̀ sì wà lọ́rùn gbogbo wa. Orílẹ̀-orílẹ̀ ni ó to oríkì inú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwa olùkọ́ sì ń tò ó fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ètò yìí ti wúlò tó, ó lè mú kí a rò pé orílẹ̀ ni ó ń ki ara rẹ̀. A ka ilé, a kò ka obìnrin tí ó gbé ilé sẹ́nu.

Ìwé tí ó yẹ kí ó là wá lójú ni *I Could Speak Until Tomorrow*, tí Karin Barber kọ ní 1991. Òkukù ni ó ti ṣe ìwádìí rẹ̀, ìlú kékeré ní Odò-Ọ̀tìn. Ó fi hàn pé àwọn obìnrin ni òpó oríkì níbẹ̀, ó sì fún apohùn bí Ṣàngówẹ̀mí ní ipò tí ó tọ́ sí wọn. Ọmọbìnrin á kọ́ oríkì ilé baba rẹ̀. Bí ọjọ́ ìgbéyàwó bá kù sí dẹ̀dẹ̀, á sun rárà ìyàwó, á fi dágbére fún àwọn tirẹ̀. Nígbà tí ó bá di ìyàwó ilé, á tún kọ́ oríkì ilé ọkọ, ohun ni yóò sì máa kì níbi òkú àti níbi àríyá.

Barber sọ pé ègé-ègé ni oríkì, pé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀, kò sì pọn dandan kí ọ̀kan bí èkejì. Òtítọ́ ni, bí a bá wo ọ̀rọ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí apohùn bá yà kúrò ní ilé ọkọ, tí ó bọ́ sí ilé baba ara rẹ̀, ọ̀nà tí ó gbà kọjá láyé ni ó ń tọ̀. Okùn tí ó so àwọn ègé náà pọ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀. Ìgbésí ayé obìnrin náà ni okùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Agége gan-an. Ojú irin tí ó gba Ìkẹjà àti Agége kọjá ni ó dé Òkukù. Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti dá ọgbà iléeṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, àìmọye ènìyàn láti irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni ó ti wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Adrian Peace kọ ìwé nípa wọn ní 1979, owó iṣẹ́ àti ìyanṣẹ́lódì sì jẹ ẹ́ lógún. Ìbéèrè tiwa ni pé: oríkì ńkọ́? Nínú agboolé, bí ìyàwó kan bá ṣì í, orogún á tún un ṣe. Bí ó bá rẹ ọ̀kan, òmíràn á gbè é. Ní ilé ayálégbé, onílé wá láti ibì kan, aládùúgbò wá láti ibòmíràn, ọmọbìnrin sì ti lọ síbi iṣẹ́ òru. Ìwé lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún wa. Ìmọ̀ ibi tí ó yẹ kí a yà sí ni ó ń bá ìyá àgbà lọ sí sàréè.

Ẹnì kan lè wí pé ti ìdílé ni oríkì, pé orúkọ ẹni tí ó kì í kò ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ mẹ́ta náà dáhùn. Mo padà lọ bá ìyá àgbà. Orílẹ̀ ọkọ wọn tí ó ti kú ni wọ́n kì lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ mẹ́ta àárín jẹ́ ti baba tiwọn. Wọ́n ní, "Ṣé kí ọmọ má mọ̀ pé èmi náà ti ibì kan wá ni?"

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, kí ẹ tó kọ orúkọ orílẹ̀ sókè ìwé, ẹ kọ́kọ́ bi apohùn pé: ọmọ ta ni yín, ìyàwó ilé ta sì ni yín?