Aya tó pòórá nínú ìwé Steinbeck
Ní 1960, John Steinbeck fi ọkọ̀ tí a tẹ́ ibùsùn sí lẹ́yìn la Amẹ́ríkà já pẹ̀lú Charley, ajá rẹ̀. Ìwé tó kọ jáde ní 1962. Àwa ń kà á ní Faransé, Voyage avec Charley. Ajá yìí dùn ún kà, àní ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Elaine, aya òǹkọ̀wé, wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sì ń sùn. Nígbà tó wá bá ọkọ rẹ̀ ní Chicago, ọkọ fi ajá sọ́dọ̀ olùtọ́jú, ó ní òun yọ ìlú náà kúrò nínú ìtàn. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti já wa kulẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí ọdẹ Pobè tàbí Sakété bá ní òun àti ajá òun nìkan ló sùn nígbó, ará ilé á bi í pé ta ló dáná.